Túbáìnì Afẹ́fẹ́ àbí Máíkírómótò? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Ìfínrin

Àmì kékeré abẹ́ "Ṣ" ló sọ mí di ẹni tó ra túbáìnì afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ ìfínrin kékeré tí afẹ́fẹ́ ń yí. Ẹni tó bá ń fín orúkọ Yorùbá sára irin yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ká ní ADÉṢỌLÁ lẹ fẹ́ fín sára pátákó idẹ tí wọ́n máa kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ga ju mílímítà 4 lọ. Lẹ́tà gan-an kì í dààmú ẹni. Àmì orí É àti Á, àti ẹ̀ka tíntín abẹ́ Ṣ àti Ọ, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń tàsé. Máíkírómótò, ẹ̀rọ ìfínrin oníná, ni mo fi ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí bíìtì, irin kékeré ẹnu ẹ̀rọ tó ń yí tó sì ń gé nǹkan, bá ti kan idẹ, á kọ́kọ́ yọ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ omi ọṣẹ, kó tó wá wọlé. Yíyọ̀ yẹn lè má ju ìdajì mílímítà lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ àmì òkè di àmì ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Ìgbógbo gba pátákó orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò nu ún, ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ ọkọ mi kọ́ lo kọ síbí yìí." Mo gbà á padà, mo ra idẹ mìíràn, mo tún un fín láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi ra túbáìnì.

Láti ìgbà tí mo ti gbé e sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú níbí, ìbéèrè kò dáwọ́ dúró. Alágbẹ̀dẹ góòlù ń béèrè, ẹni tó ń kọ orúkọ sára ife ẹ̀yẹ ń béèrè, àwọn tó ń tún móòdù (irin tí wọ́n fi ń mọ nǹkan) ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ Ọdógunyán ń béèrè, ọmọkùnrin kan tó ń fín èèpo àgbọn pè mí láti Badagry. Wọ́n ti rí i lórí fóònù níbi tó ti ń gbẹ́ òdòdó sára èèpo ẹyin tí ẹyin kò sì fọ́, ọkàn wọn ti fà sí i. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó kó owó àjọ rẹ̀ lé e lórí, tí ẹ̀rọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ títí di òní tí eruku ń bò ó. Ẹ̀rọ náà kò burú o. Iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe ni kò bá a mu.

N kò ní kọ iye náírà síbí, torí bí dọ́là ṣe ń yí lojú ọjà ń yí. Ohun tí kò ní yí padà ni n ó sọ.

Eré yàtọ̀ sí agbára

Ọwọ́ dókítà eyín ni túbáìnì ti wá. John Walsh ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ ní New Zealand ní 1949, àmọ́ Airotor tí John Borden gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1957 ló jẹ́ kí ó tàn ká. Kò sí mọ́tò nínú rẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń gba inú họ́ọ̀sì wọlé, tí ó ń lu abẹ̀bẹ̀ kékeré kan tí kò ju èékánná ìka kékeré lọ, tí abẹ̀bẹ̀ náà sì ń yí pẹ̀lú bíìtì. Bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi ewé àgbọn hun ohun tí ń yí lójú atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí ń yí ní ìgbà 300,000 sí 400,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Máíkírómótò tó dára máa ń yí ní 30,000 sí 50,000.

Kí ni irú eré bẹ́ẹ̀ wà fún? Bíìtì tí a fi ń fín àmì ohùn kò nípọn ju ìdajì mílímítà lọ. Bí irú bíìtì bẹ́ẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ rìn lórí irin jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 1.6 péré. Ní 30,000, ìyẹn jẹ́ mítà 47 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní 350,000, ó di nǹkan bíi mítà 550. Bíìtì tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, tí kò sì sáré tó, kì í gé irin, ńṣe ló ń fò lórí rẹ̀ bí òkúta tí ọmọdé jù sójú ọ̀sà. Nígbà tí eré bá tó, kò ní àyè láti fò mọ́. Ó ń gé e ní lẹ́búlẹ́bú, ọwọ́ yín á kàn máa darí rẹ̀ bíi pé bírò lẹ mú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Eré yẹn kò ní agbára nínú. Bí ẹ bá tẹ túbáìnì mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ máíkírómótò, ńṣe ni yóò dúró. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ mi kọ́kọ́ gbé e, ó ti lo máíkírómótò fún ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ ti gbó nínú rẹ̀. Ó gbé bíìtì lé idẹ, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ẹ̀rọ já wálẹ̀ láti "fíííí" sí "fuuu", ó dákẹ́. Ó gbójú sókè, ó wo gílóòbù, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti mú iná ni?" Mo ní, "Iná wà. Ọwọ́ rẹ ló wúwo." Mo fi ìka kan gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ títí ohùn náà fi padà sí "fíííí", mo ní kó máa fi etí ṣiṣẹ́, kó má fi apá ṣe é. Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọwọ́ rẹ̀ tó fúyẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá fẹ́ fúyẹ́, kó má ra túbáìnì.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ ra ni pé túbáìnì wà fún ìlà tíntín, òjìji, irun orí, ìyẹ́ ẹyẹ, àmì ohùn, ojú àwòrán. Bíìtì tí orí rẹ̀ bá ju mílímítà 2 lọ, ẹ má fi sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kòtò tó jìn mílímítà 2 sínú irin, ẹ máa jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Máíkírómótò ń kọ́?

Òun ló ń bọ́ ilé mi, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú iṣẹ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ òun ló ń ṣe é. Àpótí kékeré kan ni, tí okùn iná jáde lára rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ẹ̀rọ tí mọ́tò wà nínú rẹ̀. Ó ní bọ́tìnì tí ẹ fi ń dín eré kù tàbí tí ẹ fi ń fi kún un, ó máa ń ní ìtẹ̀sẹ̀, ó sì lè yí síwájú tàbí sẹ́yìn. Èyí tí ẹ máa rí jù ní ọjà ni irú Strong 204 tí ilé iṣẹ́ Saeshin ní Kòríà ṣe, tó ń yí títí dé 35,000, àti àwọn ayédèrú rẹ̀ tí kò lóǹkà. Àwọn tó ń ṣe èékánná ní Sábó náà ń lo ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ra ti èékánná fún irin. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára tó, ó máa ń gbóná kíákíá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kò béèrè nǹkan púpọ̀. Iná tó ń jẹ kò ju ti gílóòbù ńlá àtijọ́ kan lọ. Ínfátà kékeré gbé e, jẹnẹrétọ̀ I-pass-my-neighbour gbé e. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń tì yín padà, ó sì ń gé. Lẹ́tà tó nípọn, tó jìn, tí wọ́n máa kun dúdú sí nínú, òun ni kí ẹ fi fín in. Bíìtì rẹ̀ pọ̀ káàkiri, ìdí wọn jẹ́ mílímítà 2.35, wọ́n sì gùn tó mílímítà 44, nítorí náà wọ́n ń wọ inú kọ̀rọ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo lọ́wọ́, mọ́tò inú rẹ̀ máa ń gbóná lẹ́yìn iṣẹ́ gígùn, ó sì máa ń gbọ̀n díẹ̀. Gbígbọ̀n yẹn kò hàn lára lẹ́tà ńlá. Lára àmì mílímítà kan, ó hàn kedere. Carbon inú mọ́tò, ohun dúdú kékeré tó ń gbé iná fún un, máa ń jẹ tán pẹ̀lú. Ẹ bèèrè fún àfikún rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ, owó kékeré ni.

Àwọn ìyókù, kíákíá

Gíráńdà afẹ́fẹ́ kékeré, èyí tó rí bíi bírò ńlá, ń yí láàárín 50,000 sí 70,000. Ó lágbára ju túbáìnì lọ, ó fúyẹ́ ju máíkírómótò lọ, bíìtì rẹ̀ ń jẹ́ mílímítà 3 ní ìdí. Àwọn tó ń tún móòdù ṣe yẹ kí wọ́n wò ó dáadáa. Àmọ́ ó ń mu afẹ́fẹ́ gan-an: ó fẹ́ 90 psi (psi ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó), ó sì lè gbé ju lítà 100 mì láàárín ìṣẹ́jú kan. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kò lè bọ́ ọ.

Mọ́tò ìgbékọ́ tó ní okùn irin inú rọ́bà, irú Foredom tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1922, ń yí ní nǹkan bíi 18,000. Alágbẹ̀dẹ góòlù kì í fẹ́ fi sílẹ̀, ó sì tọ̀nà, torí ó lágbára láti lọ̀, láti dán, láti lu ihò. Fún àmì ohùn, rárá. Dremel àti ìbátan rẹ̀, títí dé 35,000, dára fún ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ sára jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí olè má gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù fún iṣẹ́ ọ̀nà. Gíráńdà afẹ́fẹ́ ńlá ti mẹkáníìkì, tó ń yí ní 20,000 sí 25,000, ti gígé ni, kì í ṣe ti fífín.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ kan o. Bí ẹ bá ń wá "air engraver" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè gbé ẹ̀rọ tí kì í yí rárá fún yín, èyí tó ń lu irin ní kọ̀ kọ̀ kọ̀ bí ẹyẹ àkókó. Oríṣi rẹ̀ kan wà fún kíkọ nọ́ńbà sára irin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi kejì sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá: ó ń ti irin ìfín mímú síwájú láti ẹ̀yìn, bí ẹ ṣe ń fi òòlù lu ṣísù, ojú ibi tó bá gé máa ń dán bíi dígí. Bíìtì tó ń yí kò lè fún yín ní irú dídán yẹn. Ojú ìlà rẹ̀ máa ń rí bíi eérú díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fín góòlù fún olówó yóò fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà kó tó sanwó.

Lésà ń kọ́? Bí ẹ bá ní abọ́ 300 tí ẹ máa pín níbi ìnáwó, tí ọ̀rọ̀ kan náà wà lára gbogbo wọn, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní lésà, ẹ má fi ọwọ́ yín ṣòfò.

Afẹ́fẹ́ lẹ ń rà, kì í ṣe kálámù

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí. Orí túbáìnì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń pa ènìyàn lówó, pàápàá bí ẹ bá ra èyí tí àwọn dókítà eyín ń lò. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, asẹ́ afẹ́fẹ́, rẹ́gúlétọ̀ àti iná tó máa gbé gbogbo wọn ni owó wà. Ẹni tó bá ra orí túbáìnì lásán ti ra igi ìlù láìra ìlù.

Mo ṣe àṣìṣe yẹn. Orí túbáìnì àkọ́kọ́ tí mo rà, tòkúnbọ̀ ni, ó mọ́, ó sì ń yí bí ẹ̀mí. N kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, mo bá bẹ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n máa so họ́ọ̀sì mọ́ tirẹ̀, kí n máa sanwó epo. Táǹkì rẹ̀ tóbi, mo rò pé mo ti rí ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹta, omi aláwọ̀ wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde lára bíìtì sórí iṣẹ́. Omi àti ọ́ìlì ni, wọ́n ti pò pọ̀ nínú táǹkì. N kò dá a dúró, torí iṣẹ́ ń kánjú. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ń ké bí ìlẹ̀kùn tó ti dípẹtà, béárìn inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀bi fọkanáísà kọ́. Afẹ́fẹ́ táyà ló ń tà, kò sọ pé ti túbáìnì ni.

Omi yẹn, láti inú afẹ́fẹ́ wa níbí ló ti ń wá. Ìkòròdú sún mọ́ ọ̀sà, ní ìgbà òjò aṣọ kì í gbẹ lórí okùn. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó ìwọ̀n 30 Celsius, tí omi sì kún inú rẹ̀ débi tí kò lè gbà sí i mọ́, ó máa ń gbé omi gíráàmù 30 nínú gbogbo lítà 1,000. Túbáìnì ń mu nǹkan bíi lítà 35 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ẹ bá fi ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, afẹ́fẹ́ lítà 1,000 ti kọjá, omi tó sì tó ṣíbí ìjẹun méjì ti gba inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú táǹkì tí ó sì tutù, ọ̀pọ̀ nínú omi yẹn á sọ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí ibi tó máa dúró sí, béárìn yín ló ń lọ. Nítorí náà, asẹ́ tó ní ife ìdáomi dúró jẹ́ dandan, ẹ sì máa ṣí ìdí táǹkì lálaalẹ́ kí omi jáde. Mo máa ń gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Keje, ohun tó ń jáde máa ń yà mí lẹ́nu.

Ní ti títóbi táǹkì, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Táǹkì lítà 50 tó kún dé bar 8 (bar náà ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì, bíi psi), tí ẹ lò títí ó fi kù sí bar 3, ti fún yín ní lítà 250 (50 lọ́nà 5). Ní lítà 35 fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú 7 kí mọ́tò tó tún bẹ̀rẹ̀. Táǹkì lítà 24 jẹ́ ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀. Kò burú, ẹ kàn máa gbọ́ ariwo rẹ̀ léraléra ni. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ aláìlọ́ìlì tí àwọn dókítà eyín ń lò kì í pariwo bíi ti fọkanáísà, kì í sì í da ọ́ìlì sínú afẹ́fẹ́. Òun ni kí ẹ rà bí ọwọ́ yín bá tó o, pàápàá bí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà nínú ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé. Aládùúgbò tí kò bá rí oorun sùn lọ́sàn-án máa bá yín jà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Iná wá ńkọ́? Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n kọ 750W sí lára ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. I-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Á hun, á dín ohùn, á kú, ẹ sì lè ba mọ́tò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ́ níbi tí ẹ ti ń dán an wò. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA ni mo fi ń gbé tèmi. Ibi tí iná wọn bá dúró déédéé, ayọ̀ ni. Ibi tí kò bá sí, ẹ fi owó epo kún iye tí ẹ rò pé ẹ̀rọ náà jẹ́.

Ẹ wá má ṣe fún un ní afẹ́fẹ́ jù. Túbáìnì fẹ́ 30 sí 40 psi. Gíráńdà kékeré tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fẹ́ 90. Ẹni tó bá so túbáìnì mọ́ 90 ti pa á. Rẹ́gúlétọ̀ tó ní gééjì ló ń dáàbò bò ó. Ibi tó bá sún mọ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ so ó sí, kì í ṣe lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lóde.

Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?

Idẹ, fàdákà àti góòlù: ẹ fi máíkírómótò gbẹ́ lẹ́tà, ẹ fi túbáìnì ṣe àmì àti òjìji. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe ADÉṢỌLÁ báyìí, ẹ̀rọ méjèèjì lórí tábìlì kan. Ẹni tí kò bá lè ra méjèèjì, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́tà ńlá, kó jókòó ti máíkírómótò.

Irin stainless máa ń le sí i bí ẹ bá ń fi bíìtì tó ti kú ha á láìgé. Bíìtì kábáìdì (oríṣi irin tó le gan-an) tuntun, túbáìnì, ọwọ́ fífúyẹ́, ẹ má sì padà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Alumíníọ̀mù ni wàhálà: ó rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín bíìtì bí ẹ̀bà. Ẹ fi ìda oyin kan ẹnu bíìtì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lo kábáìdì, ẹ má fi dáyámọ́ǹdì sún mọ́ ọn rárá, torí á dí pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Máíkírómótò ni mo fi ń ṣe alumíníọ̀mù.

Dígí àti òkúta yí ọ̀rọ̀ padà. Níbẹ̀, túbáìnì àti bíìtì dáyámọ́ǹdì kò lẹ́gbẹ́. Ife ìgbéyàwó, orúkọ ìyàwó àti ọkọ, òdòdó láàárín: máíkírómótò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rù á máa bà yín pé ife máa fọ́. Omi gbọ́dọ̀ máa kán sórí rẹ̀, fún bíìtì àti fún ẹ̀dọ̀fóró yín, torí eruku òkúta àti dígí kò dára nínú àyà.

Móòdù irin líle: gíráńdà afẹ́fẹ́ kékeré ni kí ẹ fi gé, kí túbáìnì wá parí ẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá ní ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí láti lọ́ra, tó bá ti lè fi asẹ́ tó dára sí i. Èèpo àgbọn, igbá àti igi gba bíìtì ńlá, nítorí náà ọmọ Badagry yẹn, máíkírómótò ni mo ní kó rà. Inú òrùka, kò sí èyí tó rọrùn nínú gbogbo wọn. Mo ń gbé e fún ẹni tó ní lésà.

Ní ọjà

Ẹ̀rọ máíkírómótò àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ máa rí wọn ní Owódé Onírin kí ẹ tó dé Mile 12, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ káàkiri Èkó. Túbáìnì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ dókítà eyín ni kí ẹ ti wá a. Ti dókítà eyín, bíìtì rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ bí orí ọkọ́. Ti àwọn oníṣẹ́ ọnà, ó tọ́ síwájú bíi bírò. Mo fẹ́ràn èyí tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti dókítà kò ní pàdánù ohun kan, ó sì rọrùn láti rí ohun èlò rẹ̀.

Ẹ ka ihò tó wà ní ìdí rẹ̀. Oníhò 2 wà, oníhò 4 wà, họ́ọ̀sì wọn kò bára mu. Mo rí ẹni tó gbé tirẹ̀ dé láti òkè òkun tó sì fi oṣù kan wá họ́ọ̀sì. Bíìtì túbáìnì jẹ́ mílímítà 1.6 ní ìdí, kò lè wọ máíkírómótò; ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò ta àpótí bíìtì kan fún yín fún ẹ̀rọ méjèèjì.

Ẹ fi bíìtì sí túbáìnì náà, ẹ mú orí bíìtì, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá mì, béárìn ti ń lọ. Ẹ fi ìka yí i: ó gbọ́dọ̀ yọ̀ bí ọṣẹ, kó má ha níbì kankan. Ẹ ní kí wọ́n tan án ní 35 psi, kí ẹ sún un mọ́ etí. Ohùn kan ṣoṣo ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó bá ń kọrin ohùn méjì, ẹ gbé e sílẹ̀. Béárìn seramiki máa ń pẹ́ ju ti irin lọ, ẹ bi wọ́n nípa rẹ̀. Kókó inú rẹ̀ tó ń yí, èyí tí abẹ̀bẹ̀ àti béárìn wà nínú rẹ̀, ṣeé pààrọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ra ọ̀kan mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, iṣẹ́ ń kánjú lọ́jọ́ náà.

Fún máíkírómótò, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí. Bí wọ́n bá kọ 110V sí i, ti Amẹ́ríkà ni, iná wa máa jó o. Tòkúnbọ̀ púpọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ àti ara yín

Túbáìnì tó bá fẹ́ ọ́ìlì, ẹ kán 2 tàbí 3 sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ tan án sínú aṣọ díẹ̀ kí ọ́ìlì tó kù jáde. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe láìfẹ́ ọ́ìlì. Ẹ ka ìwé rẹ̀, ẹ má kán ohunkóhun sí irú wọn. Ẹ má tan án láìsí bíìtì nínú rẹ̀, ẹ má sì tẹ bọ́tìnì ẹ̀yìn orí rẹ̀ nígbà tó bá ń yí. Ó máa gbóná, ó sì máa ba béárìn jẹ́.

Awò ààbò ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ṣáájú bíìtì. Kábáìdì tó bá ṣẹ́ ní 350,000 kì í fún ènìyàn láyè láti ṣẹ́jú. Idẹ púpọ̀ ní òjé nínú, eruku rẹ̀ kò yẹ kó wọ imú, kò sì yẹ kí ẹ fi ọwọ́ kan náà jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbọn eruku kúrò lára yín.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ohun kan ṣoṣo lọ́dún yìí, tó sì ń fín irin fún jíjẹ, máíkírómótò gidi ni kó rà, kó fi iye tó kù ra bíìtì tó dára. Ní ọdún tó ń bọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti asẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí túbáìnì. Ẹni tó bá jẹ́ dígí ló ń ṣe, kó yí ìlà yẹn padà.

Nígbà tí ẹ bá wá gbé túbáìnì délé, ẹ má fi iṣẹ́ oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ègé idẹ kan, ẹ fín Ṣ kan ṣoṣo sí i, mílímítà 4, pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá ṣe ogún, ẹ fi àtàǹpàkò nu eruku rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, kí ẹ wo èyí tí àmì rẹ̀ yẹ̀.